Ìwé ìwọ̀n: àyẹ̀wò ọdún wa

Àwọn ọmọ ti gba họ́lidé. Báàgì mẹ́ta wà nílẹ̀ pálọ̀ láti ọjọ́ Friday, mo sì ti ní kí ẹnikẹ́ni má kó o, kí n fojú rí i pé lóòótọ́ la parí ẹ̀. Mo mọ̀ pé December lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe àyẹ̀wò ọdún tiwọn, ṣùgbọ́n láti September tí Ìyá Ìbejì, ìyàwó mi, ti lọ ṣiṣẹ́ ní Leeds nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, táàmù iléèwé la fi ń ka ọjọ́ nínú ilé yìí, òun náà ló sọ ọ́ kó tó lọ pé ká ṣáà rìn ín dé òpin táàmù kẹta ná, ká wá ti ibẹ̀ wo iwájú. Òpin táàmù kẹta rèé o. July 2025. Gbogbo wa wà láàyè, gbogbo wa la jẹun lálẹ́ àná, Ọlọ́run ṣeun.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá wa bọ̀ mọ bọ́rọ̀ ṣe jẹ́, ṣùgbọ́n àwọn kan ṣì ń wá bi mí ní ṣọ́ọ̀bù ní Òkè Àró pé kí ló dé tá ò jọ lọ. Òfin ni. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní láti 11 March 2024, ẹni tó bá ń gba físà láti wá ṣiṣẹ́ títọ́jú arúgbó lọ́dọ̀ àwọn ò lè mú ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́, ẹ̀yìn ọjọ́ yẹn sì ni owó tiwa tó pé. Òru mẹ́ta la fi sọ ọ́. Lóru kẹta ó ní, “Bàbá Ìbejì, tí mi ò bá lọ báyìí, ẹ̀yin náà mọ̀ pé mi ò ní lọ mọ́,” mo sì ní kó máa lọ. Mi ò kábàámọ̀ ẹ̀. Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí, kí n má parọ́, ṣùgbọ́n mi ò kábàámọ̀ ẹ̀.

Alẹ́ tí ilẹ̀ máa mọ́ kó lọ, mo wọn gbogbo wọn. Télọ̀ ni mí, tí ọkàn mi ò bá balẹ̀, téèpù ni ọwọ́ mi máa ń wá lọ. Mo ní kí wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri níkọ̀ọ̀kan, mo kọ ọ́ sínú ìwé ìwọ̀n ṣọ́ọ̀bù, láàárín ìyàwó kan tó fẹ́ rán léèsì àti pásítọ̀ kan tó fẹ́ rán agbádá. Táyé, íǹṣì 53. Kẹ́hìndé, 53 àti ààbọ̀. Ìdòwú, 45, tí mo tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì torí ó ń gbé gìgísẹ̀ sókè. Ìyá wọn wá dúró, mo wọn òun náà, àyà 40, ìdí 43, nǹkan tí mo ti mọ̀ sórí láti ọdún tá a fẹ́ra, mo ṣáà kọ ọ́. Mo ká téèpù kan tó kù ní ṣọ́ọ̀bù, mo fi sínú báàgì ẹ̀. Kò bi mí pé kí ni kóun fi ṣe.

Irun ló kọ́kọ́ dojú kọ mí. Iléèwé wọn ní bébà tí wọ́n tẹ orúkọ irun sí, ọ̀sẹ̀ yìí ṣùkú, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ pàtẹ́wọ́, èyí tó tẹ̀ lé e ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀, ọmọ tó bá wá pẹ̀lú òmíràn, wọ́n á kọ ìwé sí òbí ẹ̀. Orí méjì ni mo ń kó lọ sọ́dọ̀ onídìrí ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sunday, a óò tò sẹ́yìn àwọn èèyàn títí aago mẹ́sàn-án, àwọn ọmọ á ti sùn lórí bẹ́ǹṣì, màá gbé Ìdòwú kọ́rùn, a óò wá máa wá márúwá. Nígbà tó di November mo ní ó tó. Ọwọ́ tó mọ abẹ́rẹ́ lò ò lè ṣàìmọ òòyà lò. Mo gbé fóònù ti agolo Milo, Ìyá Ìbejì ń sọ ọ́ látibẹ̀ pé “ẹ máa bu díẹ̀díẹ̀ kún un, ẹ má fa iwájú orí ọmọ o,” mo ń fi ìlarun la orí bí ẹni ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára aṣọ. Ìlà kan ṣoṣo gbà mí ní ogójì ìṣẹ́jú. Nígbà tó fi máa di táàmù kẹta, tá a bá ti jẹun ọ̀sán Sunday tán, kí iná tó dé mo ti di orí méjèèjì. Irun Táyé rọ̀, ó máa ń yọ̀ lọ́wọ́. Ti Kẹ́hìndé le, ibi tó o bá fi í sí ló máa wà. Ó lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti jẹ́ bàbá wọn kí n tó mọ ìyẹn, inú mi sì dùn pé mo mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ aago náà, mi ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Nígbà tó dé Leeds ní September, aago ibẹ̀ àti ti Àkúrẹ́ ò yàtọ̀ rárá, Ìdòwú fẹ́ràn ìyẹn gan-an, lójú tiẹ̀, tí aago bá ti jẹ́ ọ̀kan náà, a jẹ́ pé mọ́mì ò jìnnà. Ní 27 October wọ́n fa aago tiwọn sẹ́yìn ní wákàtí kan, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe tí ìgbà òtútù wọn bá ń wọlé, ọmọ yìí sunkún títí, ó ní wọ́n ti gbé mọ́mì lọ síwájú sí i. Ló bá ya aago sórí bébà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ aago ara ògiri, ó kọ “ti mọ́mì” sí i. Ní 30 March tí tiwọn tún bá tiwa dọ́gba, òun fúnra ẹ̀ ló gun àga tó yọ ọ́. Mo ti pa bébà náà mọ́ sínú dúrọ́ọ̀, torí October ń bọ̀.

Àwọn oṣù tó kù, ẹ má bi mí. Mo rántí ìbò gómìnà ní 16 November torí pé owó ankara ẹgbẹ́ tí mo rán fún àwọn ìyá kan lọ́jà la fi san owó iléèwé táàmù kejì. December, a jẹ ìrẹsì. January, mi ò rí nǹkan kan mú níbẹ̀.

February ni Bàbá Ìdànrè, bàbá Ìyá Ìbejì, kú.

Ìyá Ìbejì ò lè wá. Kò tíì pé oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́, gbèsè tá a jẹ nítorí físà ṣì wà lọ́rùn wa. Èmi ni mo dúró nípò ẹ̀, mo gbé fóònù sókè kó lè rí gbogbo ẹ̀, àfìgbà tí wọ́n pe àwọn ọmọ olóògbé kí wọ́n wá da iyẹ̀pẹ̀ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ. Mo da tiẹ̀ fún un. Nígbà tí mo rí i pè lálẹ́, “Ẹ ṣeun” nìkan ló sọ. Mo rán aṣọ ẹbí tiẹ̀ pẹ̀lú ti àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ìwọ̀n inú ìwé yẹn ni mo lò, ó ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá wa bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tó dùn nípa bàbá yẹn. Ẹ mọ̀ pé tó bá ń pín ẹran, Kẹ́hìndé ló máa kọ́kọ́ fún, Táyé á fárí gá, “Bàbá àgbà, èmi ni mo kọ́kọ́ jáde o!” Bàbá á ní, “Ọmọ ọ̀dọ̀ ló máa ń ṣáájú. Ẹni tó rán ọ níṣẹ́ ńkọ́, ṣé kò ní jẹun ni?” Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín, ọdọọdún ni, ẹ̀rín náà ò sì dín. Lọ́jọ́ ìsìnkú tí wọ́n gbé oúnjẹ wá, Táyé ló bu ẹran, ó fún Kẹ́hìndé ṣáájú, kò sọ̀rọ̀. Mo rí i. Mo jáde síta lọ wo òkè.

Táàmù kẹta wá yára. Àwọn ìbejì ṣe Common Entrance ní June, wọ́n parí prámárì. Aṣọ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde ọmọ mẹ́rìnlá ni mo rán lóṣù yìí, tàwọn ọmọ mi ló gbẹ̀yìn, aago méjì òru ni mo ń kan bọ́tìnnì. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn òjò ń rọ̀, ìyá wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ òru dé, kò sùn, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn ẹ̀ lórí fóònù. Wọ́n ní kí òbí wá bá ọmọ dúró ya fọ́tò. Kẹ́hìndé gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó gbé e lé àyà, ojú ìyá ẹ̀ síta. Ẹni tó ń ya fọ́tò ní kó gbé fóònù sílẹ̀. Ó ní rárá o, mọ́mì òun nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe yà á. Wọ́n kọ ọ́ sí ìwé ẹ̀sì Ìdòwú pé ó gbọ́n, ṣùgbọ́n ó ń sọ̀rọ̀ jù, kí ni ká ti gbọ́, ṣebí Ìdòwú ni, èṣù lẹ́yìn ìbejì. Mo ra àsun fún wọn lálẹ́, ata ẹ̀ mú wọn sunkún, wọ́n tún ní kí n bu sí i.

Ohun tó kàn ni September. Kẹ́hìndé fẹ́ gbé bọ́dìn. Táyé ní òun ò lọ, ó ní ta ló máa wà pẹ̀lú dádì. Mi ò fẹ́ kí ọmọ ọdún mọ́kànlá máa gbé irú èrò yẹn kiri, mo ti sọ fún un, a ò tíì yanjú ẹ̀.

Lálẹ́ Saturday mo tún wọn wọ́n. Ìdòwú, 47 àti ààbọ̀, gìgísẹ̀ nílẹ̀. Kẹ́hìndé, 55. Táyé, 55 àti ìdá mẹ́rin, ó ti kọjá ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ariwo tó pa, àwọn ará ilé kejì gbọ́ ọ. Ìdòwú wá ní ká wọn mọ́mì náà. Mo fẹ́ ní kò ṣeé ṣe, àfi bí Ìyá Ìbejì, lórí fóònù, ṣe na ọwọ́ sínú báàgì tó yọ téèpù yẹn. Ó fi wé ara, ó ń ka á fún mi. Àyà 37. Ìdí 40. Mo kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti September, mi ò sọ nǹkan kan, òun ló ní, “Bàbá Ìbejì, ẹ má wojú bẹ́ẹ̀, mò ń jẹun.”

Wọ́n ti ṣèlérí líìfù fún un ní December. A ò tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì. Mo ti gé ankara ẹ̀, ní ìwọ̀n ti tẹ́lẹ̀, mo ti ran èjìká àti ọrùn. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni mo fi sílẹ̀, ìgbà tó bá dúró síwájú mi ni màá kàn án.