Olúmọ dúró sójú kan, iyanrìn ń rìn

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ ń wo fọ́tò òkìtì iyanrìn funfun lórí fónù, ẹ sì ń sọ pé ayé ni a ń jẹ níbí. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí. White Sands ni ibẹ̀ ń jẹ́, ní ìpínlẹ̀ New Mexico, l'Amẹ́ríkà. Kì í ṣe irú iyanrìn odò Ògùn. Gypsum ni, ohun kan náà tí àwọn oníṣẹ́ POP fi ń ṣe àjà ilé. Kì í gbóná lẹ́sẹ̀, èèyàn lè fẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́ lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n oòrùn tó ń ta padà lára rẹ̀ ń jó abẹ́ àgbọ̀n àti abẹ́ imú, ojú á sì máa ta ẹni tí kò bá lo gíláàsì dúdú.

Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń gun Olúmọ. Àtẹ̀gùn wà, afinimọ̀nà wà, ọlọ́mi tútù wà nísàlẹ̀, ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí á sì kí yín. Ibi tí àpáta yẹn wà nígbà tí Ẹ̀gbá tẹ̀dó ní 1830 náà ló wà dòní. Àmọ́ níbí, òkìtì iyanrìn kan lè sún tó mítà 9 láàárín ọdún kan.

Ojú ọ̀nà kan tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn níbẹ̀, Alkali Flat, jẹ́ kìlómítà 8, àlọ àtàbọ̀. Ẹ má jẹ́ kí "Flat", ìyẹn pẹrẹsẹ, tó wà nínú orúkọ yẹn tàn yín o, òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni. Òpó pupa ni wọ́n fi sàmì sí i. Ìdí ọ̀kan ni èèyàn ti ń wo èkejì. Bí ìjì bá gbé iyanrìn dìde tí èkejì kò hàn mọ́, ẹ padà lójú ẹsẹ̀. Ẹ má tẹ̀ lé ipasẹ̀ ẹni tó ṣáájú, atẹ́gùn á ti pa á rẹ́. Ẹ̀gbẹ́ tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá ni kí ẹ máa gbà gòkè, iyanrìn ibẹ̀ ki lábẹ́ ẹsẹ̀, kò sì ga ṣánṣán. Ẹ̀gbẹ́ kejì rọ̀, ẹsẹ̀ á máa rì títí dé kókósẹ̀.

Kò sí omi lójú ọ̀nà. Lítà mẹ́rin dín díẹ̀ ni ẹnìkan nílò lóòjọ́, ìyẹn bí omi inú ọ̀rá mẹ́jọ. Bí ọ̀rá mẹ́rin bá ti tán, ẹ yí padà. Bí ooru bá ti tó 30 Celsius, ẹ má tilẹ̀ gbéra. Mo mọ̀ pé 30 kì í ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù l'Abẹ́òkúta, àmọ́ òógùn tiwa máa ń ṣàn, ẹ sì máa rí i. Ti aṣálẹ̀ máa ń gbẹ kó tó ṣàn, àfi iyọ̀ funfun tó máa gbẹ mọ́ ọrùn aṣọ. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2015, tọkọtaya kan láti Faransé kú sójú ọ̀nà yìí gan-an. Ìgò omi kékeré méjì ni wọ́n gbé. Ọmọ wọn ọkùnrin, ọmọ ọdún 9, ló yè. Òun ni wọ́n ń fún ní omi jù.

Ṣùgbọ́n òfin kan wà tó nira fún àlejò ju omi lọ. Àwọn tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ní kí o sọ ibi tí ò ń lọ fún ẹnìkan, àti aago tí o máa jáde. Ta ni ká sọ fún? Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò ṣeé gbára lé láàárín òkìtì, aládùúgbò ò mọ orúkọ ẹni, bó bá sì di ọ̀sán gangan níbí, ilẹ̀ ti ṣú l'Abẹ́òkúta. Ní Ìtòkú, bí ọmọdé bá pẹ́ níbi tí wọ́n rán an, ìyá tó ń ta aṣọ àdìrẹ ní ìkòríta á ti béèrè rẹ̀ kí ìyá rẹ̀ tó béèrè. Níbí, ọkọ̀ èèyàn lè wà ní ibi ìgbọ́kọ̀sí títí ilẹ̀ á fi ṣú, kí àwọn tó ń ṣọ́ ibẹ̀ tó kíyè sí i.

Síbẹ̀ mi ò tíì fẹ́ padà wálé. Àlàáfíà tí mo ń rí lórí iyanrìn yẹn, níbi tí kò sí ariwo jẹnẹrétọ̀, tí mo ń gbọ́ èémí ara mi, mi ò rí irú rẹ̀ nílé rí. Kì í ṣe pé mo kórìíra ilé. Nítorí náà, bí mo bá kọ̀wé ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé pé mo ti ń wọ inú iyanrìn, pé aago mẹ́sàn-án alẹ́ yín ni mo máa jáde, ẹ má tíì béèrè fọ́tò. Ẹ kọ aago yẹn sílẹ̀, kí ẹnìkan má tíì sùn.