Yàrá Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò Kí Ẹ Tó Yan Purojẹ́kítọ̀

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọnú iṣẹ́ gbígbé ẹ̀rọ ìwòran kọ́ sílé àwọn ènìyàn ní Òṣogbo, ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé ìbéèrè tí oníbàárà máa ń kọ́kọ́ bi wá kọ́ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ dáhùn. Oníbàárà yóò bi yín pé, “Èwo ló dára jù nínú àwọn purojẹ́kítọ̀ tó wà lọ́jà?” Bí ẹ bá dárúkọ ẹ̀rọ kan fún un lójú ẹsẹ̀, ẹ ti fi owó rẹ̀ ta tẹ́tẹ́, nítorí pé ẹ kò tíì mọ bí pálọ̀ rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, ẹ kò mọ ìhà tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí, ẹ kò sì mọ àkókò tí òun àti ẹbí rẹ̀ máa ń jókòó wòran. Inú ara tẹlifíṣọ̀n ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti ń jáde wá, ṣùgbọ́n ara ògiri ni purojẹ́kítọ̀ ń tan tirẹ̀ sí, ohunkóhun tí ó bá sì ti wà lára ògiri náà tẹ́lẹ̀, ìbáà jẹ́ ọ̀dà, ìbáà jẹ́ ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, yóò di apá kan àwòrán tí a ń wò.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ àwọ̀ dúdú, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ronú nípa rẹ̀ rárá. Kò sí ẹ̀rọ tí ó lè tan dúdú sí ara ògiri. Níbi tí àwòrán bá ti yẹ kí ó dúdú, ńṣe ni purojẹ́kítọ̀ ń dá ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dúró, bí ògiri náà bá sì ṣe rí nígbà tí ẹ̀rọ wà ní pípa ni dúdú tí oníbàárà yóò rí. Lux ni a fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ tí ó bọ́ sórí ògiri. Ẹ jẹ́ kí a gbà pé ẹ̀rọ kan ń tan lux 360 síbi tí àwòrán ti funfun jù, àti pé kò jo ìmọ́lẹ̀ kankan síbi tí ó yẹ kí ó dúdú. Bí ó bá jẹ́ alẹ́, tí iná kékeré kan ní kọ̀rọ̀ ń ta lux 5 sí ògiri náà, funfun yóò jẹ́ 365, dúdú yóò sì jẹ́ 5, funfun fi ìlọ́po 73 mọ́lẹ̀ ju dúdú lọ nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ ọ̀sán, tí kọ́tìnì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ jẹ́ kí lux 120 wọlé sára ògiri kan náà, funfun yóò di 480, dúdú yóò di 120, ìyàtọ̀ wọn kò sì ní ju ìlọ́po mẹ́rin lọ. Ẹ̀rọ kan náà ni, owó kan náà ni a fi rà á, ògiri kan náà ni a kọjú rẹ̀ sí.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń béèrè àkókò ìwòran kí n tó béèrè iye owó tí oníbàárà ní lọ́wọ́. Nílùú wa níbí, ní oṣù èyíkéyìí nínú ọdún, ilẹ̀ ti ṣú kí aago méje ààbọ̀ alẹ́ tó lù, nítorí náà ẹni tí ó jẹ́ pé lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ń wo fíìmù lè fi ẹ̀rọ tí agbára rẹ̀ mọ níwọ̀n gbádùn ara rẹ̀ dáadáa. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù yàtọ̀. Ìdíje líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń gbá ní aago mẹ́ta ọ̀sán Sátidé lọ́dọ̀ wọn máa ń bọ́ sí aago mẹ́ta lọ́dọ̀ wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, ó sì máa ń bọ́ sí aago mẹ́rin nígbà òtútù wọn, oòrùn ṣì ń ràn ní Òṣogbo ní àkókò méjèèjì. Ẹni tí ó fẹ́ wo irú ìdíje bẹ́ẹ̀ ní pálọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti fèrèsé kí ó sì ta kọ́tìnì tí ó nípọn, bí kò bá sì sí iná tí yóò gbé fáànù tàbí ẹ̀rọ amúlétutù, ooru yóò lé gbogbo wọn síta kí ìlàjì eré tó parí. Bí oníbàárà bá sọ fún mi pé bọ́ọ̀lù ọ̀sán ni òun ń rà á fún, tí kò sì ní ọ̀nà láti mú yàrá náà ṣókùnkùn kí ó sì tutù, tẹlifíṣọ̀n ìńṣì 55 ni mo máa ń ní kí ó lọ rà. Èrè tí mo pàdánù níbẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rere.

Àwọn ilé ìlú wa kò rí bákan náà, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ fi ojú kan náà wò wọ́n. Nínú àwọn ilé àtijọ́ tí ó wà ní àyíká Ọjà Ọba àti Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun, fèrèsé kéékèèké ni ó pọ̀ níbẹ̀, yàrá mìíràn sì máa ń ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan, èyí tí ó dára fún purojẹ́kítọ̀, àmọ́ yàrá náà kì í sábà gùn. Nínú àwọn ilé tuntun tí wọ́n ń kọ́ sí ẹ̀yìn ìlú, pálọ̀ fẹ̀, ògiri mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n fèrèsé onígíláàsì ńlá wà níhà méjì, ògiri tí oníbàárà sì fẹ́ lò sábà máa ń kọjú sí ọ̀kan nínú wọn. Ẹ dúró sí iwájú ògiri náà ní wákàtí tí wọn yóò máa wòran. Ẹ má ṣe fi ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ díwọ̀n ti ìrọ̀lẹ́.

Lẹ́yìn ìmọ́lẹ̀ yàrá ni bí àwòrán yóò ṣe tóbi tó kàn. Láti igun kan lókè dé igun òdìkejì nísàlẹ̀ ni a ti ń ka ìńṣì. Àwòrán ìńṣì 100, ní ìrísí tí fíìmù àti bọ́ọ̀lù òde òní ń bá wá, fẹ̀ tó mítà 2.21, ó sì ga tó mítà 1.25, bí a bá sì sọ méjèèjì di púpọ̀, ojú rẹ̀ jẹ́ mítà onígunmẹ́rin 2.76. Lumen ni a fi ń ka gbogbo ìmọ́lẹ̀ tí ẹ̀rọ ń tan jáde. Bí ẹ̀rọ tí ó ní lumen 1,000 bá ń tan àwòrán náà, ẹ fi 2.76 pín 1,000, ẹ ó rí nǹkan bíi lux 362. Bí ẹ bá fẹ̀ ẹ́ dé ìńṣì 120, ìmọ́lẹ̀ yẹn yóò tàn ká orí mítà onígunmẹ́rin 3.97, lux yóò sì wálẹ̀ sí 252. Bí ẹ bá sì dín in kù sí ìńṣì 80, yóò gòkè dé nǹkan bíi 567. Ẹni tí ó ń fẹ àwòrán kọjá agbára ẹ̀rọ rẹ̀ dà bí ẹni tí ó ń bu omi lé ọbẹ̀ kí ó lè kárí àlejò. Mo ti bá ọ̀pọ̀ oníbàárà pàdé tí wọ́n ń ráhùn pé àwòrán ṣe bàìbàì, tí ó sì jẹ́ pé kí a dín in kù díẹ̀ nìkan ni ohun tí ó yẹ kí a ṣe.

Ibi tí ó ń dùn mí jù nínú òwò yìí ni nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ sára páálí. Ẹ ó rí ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n kọ lumen 9,000 sí lára, ìyá oníyá yóò sì kó owó àjọ rẹ̀ jọ láti rà á fún àwọn ọmọ rẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ gidi tí ó ń ti inú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ jáde sábà máa ń wà ní àyíká lumen 200 sí 300. Ìwọ̀n tí a lè gbára lé ni ANSI lumen, tí àjọ ìlànà ìwọ̀n ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ ní 1992, àti ìlànà àgbáyé ISO 21118 tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń lò. Bí páálí bá kọ lumen lásán láì sọ irú èyí tí ó jẹ́, ẹ yí ẹ̀rọ náà padà kí ẹ ka wáàtì tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Nǹkan bíi lumen 100 ni iná LED ń mú jáde láti inú wáàtì kan. Ẹ̀rọ tí gbogbo iná tí ó ń jẹ kò ju wáàtì 60 lọ kò lè kọjá nǹkan bíi lumen 6,000 kódà bí gbogbo ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ bá jáde síta, bẹ́ẹ̀ ni gíláàsì aláwọ̀ tí ó wà nínú irú ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú yìí ń gbé èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìmọ́lẹ̀ náà mì kí ó tó dé ojú lẹ́ńsì.

Ẹ tún lè wọ̀n ọ́n fúnra yín ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì wù mí kí gbogbo yín mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ wá ibi tí ó ṣókùnkùn, ẹ tan àwòrán funfun báláú sí ògiri, kí ẹ fi téèpù wọn fífẹ̀ àti gíga rẹ̀. Ẹ fi ojú pín àwòrán náà sí ọ̀nà mẹ́sàn-án tí ó dọ́gba, mẹ́ta ní ìbú, mẹ́ta ní òòró, kí ẹ wọn lux ní àárín ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ fóònù Android ní ojú tí ó ń mọ ìmọ́lẹ̀, áàpù ọ̀fẹ́ sì wà tí ń ka lux rẹ̀; kò péye tó ẹ̀rọ gidi tí a fi ń wọn lux, ṣùgbọ́n ó tó láti fi ya lumen 200 sọ́tọ̀ kúrò lára 2,000. Ẹ ro mẹ́sẹ̀ẹ̀sán pọ̀, ẹ fi mẹ́sàn-án pín in, kí ẹ sì sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú iye mítà onígunmẹ́rin àwòrán náà. Bí àwòrán bá fẹ̀ ní mítà 1.6, tí ó ga ní 0.9, tí lux rẹ̀ sì jẹ́ 150, ẹ ti ní nǹkan bíi lumen 216. Olùtajà tí ó mọ ohun tí òun ń tà kò ní bínú sí yín. Bí àwọn igun bá sì ṣókùnkùn púpọ̀ ju àárín lọ, ẹ fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀.

Bí ó ṣe yẹ kí ẹ̀rọ jìnnà sí ògiri tó ni ó kàn. Nínú ìwé ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ni ẹ ó ti rí nọ́ńbà kan tí ó sọ iye ìlọ́po fífẹ̀ àwòrán tí ẹ̀rọ fi gbọ́dọ̀ jìnnà. Bí ó bá jẹ́ 1.5, àwòrán ìńṣì 100 ń béèrè mítà 3.3. Pálọ̀ tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 kò ju mítà 3.66 lọ, bí ẹ bá sì yọ ara ẹ̀rọ àti ibi tí wáyà yóò gbà kúrò, kò sí ohun tí ó ṣẹ́kù. Ẹ yan ìńṣì 80, tí yóò gba nǹkan bíi mítà 2.66, tàbí kí ẹ wá ẹ̀rọ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 0.5, tí mítà 1.1 tó fún ìńṣì 100. Ẹ gbé ẹ̀rọ kọjú sí ògiri tààrà. Bí ẹ bá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ tí àwòrán sì wọ́, ètò keystone yóò tún un ṣe, ṣùgbọ́n ńṣe ni yóò jù lára àwọn píksẹ́lì nù, ìyẹn àwọn tóótòòtó kéékèèké tí ó para pọ̀ di àwòrán, ojú àwòrán kò sì ní mú bí ó ti yẹ mọ́.

Nípa píksẹ́lì, ọ̀rọ̀ kan péré ni. Bí olùtajà bá ní ẹ̀rọ “gba” 1080p, ìyẹn píksẹ́lì 1920 × 1080, ẹ bi í pé mélòó ni píksẹ́lì tí ó wà nínú rẹ̀ gan-an. Ẹ̀rọ tí ó jẹ́ 800 × 480 nínú lè gba fíìmù 1080p wọlé, ṣùgbọ́n 800 × 480 ni yóò tan síta. Èyí tí ó bá jẹ́ 1920 × 1080 nínú ni kí ẹ rà fún ilé.

Tòkunbọ̀ pọ̀ lọ́jà, n kò sì kórìíra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹ̀rọ ọ́fíìsì tí ó ní lumen 3,000, tí píksẹ́lì rẹ̀ sì jẹ́ 1024 × 768, èyí tí ó túmọ̀ sí pé fíìmù yóò lo 1024 × 576 péré, tí òkè àti ìsàlẹ̀ yóò sì ṣófo. Ìmọ́lẹ̀ wọn jẹ́ òótọ́, ó sì wúlò ní pálọ̀ tí kò ṣókùnkùn tó. Ẹ wọ inú mẹ́nù kí ẹ ka wákàtí gílóòbù rẹ̀, nítorí pé gílóòbù irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń lò tó wákàtí 3,000 sí 5,000, nígbà tí LED àti lésà lè dé 20,000. Ẹ tan àwòrán funfun: bí ó bá ti pọ́n bí inú ìbẹ́pẹ, gíláàsì tí ó ń ṣe àwọ̀ búlúù ni ó sábà máa ń ti jó, kò sì sí gílóòbù tuntun tí yóò wò ó sàn.

Gílóòbù yìí ni ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ká mi lára. Ó máa ń gbóná gan-an, fáànù inú ẹ̀rọ sì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí a bá pa á kí ó lè tutù. Bí iná ìjọba bá lọ lójijì, fáànù yóò dúró, ooru yóò sì há mọ́ gílóòbù, ọjọ́ ayé rẹ̀ á máa kúrú. Ẹ má ṣe gbé ẹ̀rọ onígílóòbù kalẹ̀ nílé tí kò ní UPS tàbí ínfátà, kí ẹ sì rántí pé wáàtì 250 sí 350 ni ó sábà máa ń jẹ. Fún ilé tí ínfátà kékeré ni ó ní, ẹ̀rọ LED tí kò ju wáàtì 100 lọ ni mo máa ń yàn, kódà bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bá kéré, nítorí pé wọn yóò lè lò ó.

Ohùn inú ẹ̀rọ kì í tó, ẹ fi wáyà so ó mọ́ sípíkà ju Bluetooth lọ, kí ẹnu òṣèré má baà ṣáájú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọ̀dà funfun tí kì í dán ni kí ẹ kùn sí ògiri. Nígbà ọyẹ́, eruku á máa dí àsẹ́ ẹ̀rọ, ẹ kọ́ oníbàárà bí yóò ṣe máa yọ ọ́ nu.

Kí ẹ tó kúrò nílé oníbàárà, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé kan fún un: bí ẹ̀rọ ṣe jìnnà sí ògiri, ìńṣì tí ẹ fi sílẹ̀ fún un, wákàtí tí ó wà lórí gílóòbù lọ́jọ́ náà, àti oṣù tí yóò nu àsẹ́. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ sọ́dọ̀ yín, nítorí pé nígbà tí ó bá pè yín padà, ìwé yẹn ni ẹ ó kọ́kọ́ ṣí.