Ooru Tí Kì Í Ṣe Ti Oòrùn
Lánàá ní Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, níbi tí mo ti ń ná iṣu, ooru kan ṣàdédé gbéra láti àyà mi, ó gba ọrùn gòkè dé orí, òógùn sì bò mí bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnyán ìnáwó tán. Ìyá oníṣu sún àpótí rẹ̀ fún mi, ó ní, "Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ibà ni?" Mo ní rárá, oògùn ni.

Tamoxifen ni mò ń lò lẹ́yìn ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọmú, 20 mg lójúmọ́, èyí tí wọ́n sábà máa ń lò fún ọdún 5, tí àwọn mìíràn sì ń lò di ọdún 10. Ó ń dènà estrogen, èròjà inú ara obìnrin, kí ó má baà ráyè bọ́ jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ooru òjijì wà lára ohun tí ó ń bá a rìn. Aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, abẹ̀bẹ̀ inú báàgì àti omi tútù ń ràn mí lọ́wọ́. Mo ti dín ata alẹ́ kù pẹ̀lú, èyí tí kò rọrùn rárá fún ọmọ Oǹdó.

Àgbo tí àwọn ará ilé ń gbé wá ni n kò gbà, nítorí pé oògùn mìíràn, bíi paroxetine tí wọ́n ń lò fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, lè dín agbára tamoxifen kù. Dókítà ni mo kọ́kọ́ máa ń bi. Bí ẹsẹ̀ kan bá wú tí ó sì ń dunni, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lójú ara láìjẹ́ nǹkan oṣù, ilé ìwòsàn ni kí a gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an.