Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun: ṣúgà ọ̀sán ò gbé mi lọ

Àsàláámù àléékúmù, ẹ̀yin ìyá mi ní àṣàlátù, ẹ̀yin ará Ìsàlẹ̀ Èkó, àti ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀bù Balógun tẹ́ ẹ ń bi ara yín pé Ìyá Aláǹkárá dà. Mo ti dé o. Alhamdulilahi! Ojú mi rí màbo, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ò bọ́.

Àìsàn kíndìnrín ló gbé mi dé ọsibítù. Ojú wú, ẹsẹ̀ wú, bàtà ò wọ̀ mọ́, ìtọ̀ mi sì ń hó fòò nínú ike. Wọ́n ní purotéènì tó yẹ kó dúró lára ló ń jò bá ìtọ̀ jáde. Prednisolone ni wọ́n fi tọ́jú mi, 60 mílígíráàmù láràárọ̀. Hóró kan jẹ́ 5 mílígíráàmù, ẹ wá ṣírò iye tí mo ń dà sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan. Oògùn náà ṣiṣẹ́, ká má purọ́ mọ́ ọn. Ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í fọn.

Òǹgbẹ ló kù tó ń gbẹ mí. Màá mu omi tán, ètè mi á tún gbẹ. Mo wá ń tọ̀ ṣáá, wọ́n ní oògùn tí wọ́n fi ń fa omi ara mi jáde ló fà á. Láràárọ̀ ni wọ́n ń gún mi níka wo ṣúgà, kí n tó jẹun: 98, 94, 101. “Ṣúgà yín dáa, Màmá.” Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á kọjá sórí bẹ́ẹ̀dì kejì.

Ẹni tí Ọlọ́hun lò fún mi ni nọ́ọ̀sì ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó máa ń bá gbogbo wọ́ọ̀dù jà nítorí ọwọ́ fífọ̀. Iṣẹ́ ọ̀sán ló wọlé fún lọ́jọ́ náà. Ó rí i tí mo gbé ìgò omi sẹ́nu, ó dúró.

“Màmá, ìgbà wo ni wọ́n wo ṣúgà yín?”

“Láàárọ̀ ni, Àǹtí.”

“Àárọ̀ nìkan?” Ó pòṣé, ó lọ gbé ẹ̀rọ. Ó gún mi: 361. Ó wo ọwọ́ mi, ó rí èèpo ọsàn lórí tábìlì, ó ní kí n dìde lọ fọwọ́, torí omi ọsàn tó bá wà níka lè mú kí ẹ̀rọ ka àkàjù. Mo fọ̀ ọ́, mo nù ún gbẹ, ó tún gún òmíràn: 347. Bó ṣe sáré lọ pe dókítà nìyẹn.

Dókítà yẹn, ọmọ tí mo lè bí ni, ló jókòó ṣàlàyé. Ó ní prednisolone máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ tú ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí ara gbọ́ràn sí ínsúlínì, èròjà ara tó ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, lẹ́nu mọ́. Téèyàn bá lò ó láàárọ̀, láti ọ̀sán títí dé alẹ́ ni agbára rẹ̀ ń ga lórí ṣúgà. Lóru, á rọlẹ̀. Tó bá fi máa di ìdájí, ṣúgà ti padà sáyè ara rẹ̀. Àṣé ẹ̀rọ ò purọ́ fún wa o, wákàtí tí olè ti lọ la máa ń ṣílẹ̀kùn.

Wọ́n ní ínsúlínì ló kàn. Háà, ariwo ta! Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní àgbẹ̀dọ̀, pé ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ yẹn ti wọ̀ ọ́ nìyẹn, kí wọ́n kúkú dá prednisolone dúró. Ọmọdékùnrin dókítà náà ò bínú. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, a kì í dá a dúró lójijì. Irú èròjà tó wà nínú oògùn yìí, ara máa ń ṣe é fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ara wọn ti fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ fún oògùn, wọ́n lè dá kú.” Ó ní metformin, oògùn àtọ̀gbẹ oníhóró, náà kọ́, nítorí kíndìnrín. Ó wá sọ fún wọn pé ọmọkùnrin ọmọ ọdún 14 kan ni wọ́n kọ́kọ́ gún ní ínsúlínì ní Kánádà lọ́dún 1922, ìgbà tó jẹ́ pé ikú ni irú àìsàn ṣúgà tirẹ̀ ń já sí, ó sì tún lo ọdún 13 láyé lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní kí ló wá pa á lẹ́yìn ọdún 13. (Wọn ò lè gbà láéláé, ẹ bá mi kí wọn.) Ọkọ mi ló ní kí wọ́n gún mi.

Èyí tó rí funfun ni, NPH ni wọ́n ń pè é. Nọ́ọ̀sì á fi ìgò kékeré náà sáàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, á máa yí i jẹ́jẹ́, kò ní mì í jìgìjìgì, títí á fi rí bí omi ògì tí kò sílẹ̀. Àárọ̀ ni wọ́n ń gún un, pẹ̀lú prednisolone gan-an, torí pé ọ̀sán sí ìrọ̀lẹ́ ni agbára tiẹ̀ náà máa ń ga jù. Wọ́n jọ ń gòkè, wọ́n jọ ń sọ̀ kalẹ̀. Ìyá tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì, dexamethasone, ìbátan prednisolone, ni tiwọn. Agbára oògùn ìyẹn kì í rọlẹ̀ lóru, nítorí náà ètò ínsúlínì tiwọn yàtọ̀.

Dókítà ní ẹni tó ń lo prednisolone 40 mílígíráàmù sókè lè gba ínsúlínì yúnìtì 0.4 fún kílò ara kọ̀ọ̀kan, pé kílò 60 á gba 24. Ṣùgbọ́n kíndìnrín tó ń ṣàìsàn máa ń jẹ́ kí ínsúlínì pẹ́ lára, ìdajì ló sì fi bẹ̀rẹ̀, tó ń fi kún un bí ẹ̀rọ bá ṣe wí. (Omi ló pọ̀ nínú kílò mi lásìkò yẹn náà.) Láàárín 140 sí 180 ló ní òun fẹ́ kí ṣúgà mi wà. A dé bẹ̀. Òǹgbẹ lọ.

Ibi tí ẹ̀rù ti bà mí jù ṣì wà níwájú. Ní òpin ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n dín prednisolone mi kù sí 40, ẹnikẹ́ni ò dín ínsúlínì. Kó tó di àkókò oúnjẹ alẹ́, òógùn bò mí, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mo ń fi orúkọ ìyá mi tó ti kú pe ọmọ mi. Ọmọ yẹn figbe ta. Àǹtí Ìjẹ̀bú tún ni. Ṣúgà mi: 52! Ó po gúlúkóòsì sínú ife, ó gbé e sí mi lẹ́nu, ó dúró tì mí títí ìṣẹ́jú 15 fi pé, ó tún gún mi: 88. Ìgbà yẹn ló tó yíjú sí àwọn tó wà níbi iṣẹ́. Mi ò lè kọ ohun tó sọ síbí. Ó fi bírò pupa kọ ọ́ gàdàgbà sínú fáìlì mi pé ọjọ́ tí wọ́n bá dín prednisolone ni kí wọ́n wo ínsúlínì. Látọjọ́ náà, àwọn méjèèjì jọ ń dínkù ni.

Ínsúlínì ti tán pátápátá báyìí, ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Prednisolone ló kù díẹ̀, ẹsẹ̀ mi ti wọ bàtà. Dókítà ní kí n máa yẹ ṣúgà mi wò lọ́dọọdún, torí ẹni tí irú èyí bá ti ṣe rí, àtọ̀gbẹ lè padà wá a wá.

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin tẹ́ ẹ tọrọ àdúà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gba ọjà lọ́wọ́ ọmọ mi tẹ́ ẹ ò yan owó jẹ. Mo ti pe Àǹtí Ìjẹ̀bú, ó ní òun ń bọ̀. Sàráà di àárọ̀ Sunday lẹ́yìn àṣàlátù, mọ́sà àti àkàrà wà, kí gbogbo yín tètè dé. Ẹ sì fọwọ́ kẹ́ ẹ tó jókòó tì í o.