Iye tí mo pè ní "ó tó" ní 2018

Ọmọbìnrin kan tí a jọ ṣiṣẹ́ rí pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọdún tó ń bọ̀ ni yóò fẹ̀yìn tì, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀. Ó kí mi, ó béèrè orúnkún mi, ó béèrè àwọn ọmọ, ó wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Mílíọ̀nù mélòó ló yẹ kó wà lọ́wọ́ èèyàn kó tó lè fẹ̀yìn tì, kó sì jókòó gbádùn ara rẹ̀?"

Mo ní, "Èló lo fi ra gáàsì lóṣù tó kọjá?"

Ó dákẹ́. Ó ní òun kò rántí. Mo béèrè owó iná, kò mọ̀ ọ́n. Owó tó ń fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ nílé ńkọ́? Ó ní, "Ìyẹn ò ṣeé kà, mà. Ìgbà tí wọ́n bá ti pè ni."

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ara mi ni mo ń rín. Bí èmi náà ṣe rí gan-an nìyẹn, èmi tí mo fi ọdún 35 ṣe akáǹtì fún ìjọba àpapọ̀. Bí kọ́bọ̀ méjì bá sọnù nínú ìwé ẹlòmíràn, mo lè jókòó tì í di alẹ́ kí n tó rí i. Owó tèmi nìkan ni n kò jókòó tì.

Mo wọṣẹ́ ní 1983, mo kúrò ní oṣù kẹjọ ọdún 2018. Ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́ tàbí ẹni ọdún 60, èyí tó bá kọ́kọ́ dé ló ń gbé òṣìṣẹ́ ìjọba sílé. Ẹni ọdún 58 ni mí nígbà náà. Owó tó wà nínú àkáǹtì pẹ́ńṣàn mi jẹ́ ₦9.8 mílíọ̀nù. Fún ẹni tí kò mọ bó ṣe ń lọ: òfin pẹ́ńṣàn ọdún 2004, tí wọ́n tún ṣe ní 2014, ni pé kí òṣìṣẹ́ máa dá ìdá 8 nínú 100 owó oṣù rẹ̀, kí agbanisíṣẹ́ dá 10, kó máa wọ àkáǹtì tó jẹ́ ti òṣìṣẹ́ náà. Bó o bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́, o lè gba díẹ̀ lọ́wọ́ kan, ṣùgbọ́n èyí tó kù gbọ́dọ̀ tó èyí tí yóò máa san ìdajì owó oṣù tó o gbà kẹ́yìn, ó kéré tán. Tèmi já sí ₦2.9 mílíọ̀nù lọ́wọ́ kan, àti ₦61,000 lóṣooṣù.

N kò rí mílíọ̀nù méjì lójú kan náà rí láyé mi. Lójú mi, owó ti dé. Mo gbé bírò, mo ṣe ìṣirò kan sẹ́yìn àpò ìwé: oúnjẹ, iná, gáàsì, òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, owó ọkọ̀, ìdámẹ́wàá, owó ẹgbẹ́. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦85,000 lóṣù. Pẹ́ńṣàn ń mú ₦61,000 wá. Yàrá mẹ́ta tí olóògbé ọkọ mi kọ́ sẹ́yìn ilé wa ní Mọ́níyà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú ₦90,000 wá lọ́dún, tí a bá pín in sí oṣù, ₦22,500. Àpapọ̀ rẹ̀, ₦83,500. Ó dín ₦1,500, ṣùgbọ́n mo ní ó tó. Mo tilẹ̀ ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí ₦2.9 mílíọ̀nù gbà lọ, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣubú. Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni mí. Láti 2009 ni mo ti bẹ̀rẹ̀ pẹ́tẹ́ẹ̀sì kan nílé, ó sì dúró lórí ìpele kejì bí ẹni tó gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ ṣọdún, ojú ń tì mí. Nígbà tí owó dé, mo parí rẹ̀. Mo fi táìlì sí i, mo fi géètì ńlá sẹ́nu ọ̀nà, a sì ṣí i lóṣù kejìlá ọdún yẹn, pẹ̀lú màlúù kan, onílù, àti aṣọ ẹbí. Wọ́n ní mo ṣe bẹbẹ. Ní ọjọ́ kẹta mo ti géètì, mo gba Ìbàdàn padà.

Ọjọ́ mélòó ni mo ń sùn níbẹ̀ lọ́dún? Mẹ́wàá, bí mo bá pẹ́ níbẹ̀. Ilé náà kò bímọ, kò sì jẹ́ kí n sinmi. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ ń gbowó, òrùlé ń jò, ewúrẹ́ ará àdúgbò ti sọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ di ilé rẹ̀. Àwọn àgbà ní àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé. Èmi ru tèmi dé Ìṣẹ́yìn, mo fi táìlì sí i. ₦300,000 tó ṣẹ́kù, adìyẹ jẹ ẹ́. Ìtàn adìyẹ àwọn tó fẹ̀yìn tì kì í yàtọ̀ síra, n kò ní fi dá yín dúró.

Síbẹ̀, mo ṣì ń jẹun. Títí di 2023, ₦83,500 mi ń fẹsẹ̀ palẹ̀ lọ, kò rọrùn, ṣùgbọ́n n kò yá owó. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún yẹn ni wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Epo bẹntiróòlù tí lítà kan jẹ́ ₦145 nígbà tí mo fẹ̀yìn tì di ₦617 lóṣù keje. Lóṣù kẹfà ni wọ́n tú náírà sílẹ̀ kó máa bá ọjà rìn. Dọ́là kan tí wọ́n ń ṣẹ́ ní nǹkan bí ₦360 ní 2018 ti ń kọjá ₦1,500 ní 2024. N kì í ra dọ́là, ẹ lè ní kí ló kàn mí níbẹ̀. Ẹ lọ bi ẹni tó ń ta òògùn fún mi.

Ní 2024 mo tún jókòó. Àwọn nǹkan kan náà ni mo kọ sílẹ̀, n kò fi ẹyọ kan kún un, kódà mo ti yọ owó ẹgbẹ́ kan kúrò. Ó jẹ́ ₦340,000. Pẹ́ńṣàn mi, pẹ̀lú díẹ̀ tí wọ́n fi kún un, jẹ́ ₦72,000.

Àkọ́bí mi tó wà ní Manchester ló sọ fún mi nípa ìṣirò kan tí àwọn òyìnbó ń lò. Ará Amẹ́ríkà kan, William Bengen, ló gbé e jáde ní 1994. Ó ní lọ́dún àkọ́kọ́, ná ìdá 4 nínú 100 owó tó o kó jọ sínú ìdókòwò. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, fi iye tí ọjà fi gbówó lórí kún un. Bẹ́ẹ̀ ni kó o máa ṣe, yóò bá ọ lọ fún ọdún 30. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kó o mọ ìnáwó ọdún kan, kó o sọ ọ́ di ìlọ́po 25. Ó dùn mọ́ mi nínú, torí mo fẹ́ràn ìṣirò. Mo wá fi ara mi wò ó. ₦85,000 lóṣù jẹ́ ₦1,020,000 lọ́dún, ìlọ́po 25 rẹ̀ jẹ́ ₦25.5 mílíọ̀nù. Ká ní ó wà lọ́wọ́ mi ní 2018, gbajúmọ̀ ni mí ní Mọ́níyà. Ṣùgbọ́n ká ní mo sé e mọ́ inú àpótí, tí n kò fọwọ́ kàn án, tí mo wá ṣí i ní 2024. Ní ₦340,000 lóṣù, ìyẹn ₦4,080,000 lọ́dún, ọdún mẹ́fà àti oṣù mẹ́ta péré ni yóò bá mi lọ. Owó tó yẹ kó gbé mi dé ẹni ọdún 88!

Bengen kò purọ́. Ọjà ìdókòwò ilẹ̀ tirẹ̀ àti owó ilẹ̀ tirẹ̀ ló fi ṣe ìṣirò. Àwa níbí, bí kóńgò tí wọ́n fi ń wọn gáàrì bá ń kéré sí i lọ́dọọdún, kí ni a fẹ́ fi iye kóńgò ṣe? Ìdí nìyí tí n kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn mọ́ tó bá béèrè iye mílíọ̀nù. Oṣù ni mo ń kà. Owó kọ̀ọ̀kan tó ń wọlé, ìbéèrè kan náà ni mo ń bi í: bí gáàrì bá wọ́n lọ́la, ṣé ìwọ náà yóò ga sí i, àbí wàá dúró síbẹ̀ máa wò mí?

Pẹ́ńṣàn ń dúró wò mí. Owó ilé tí mo ń gbà kì í dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ni mí lára láti fi kún un, torí tíṣà ni ọ̀kan nínú àwọn ayálégbé mi, mo sì mọ iye tí tíṣà ń gbà. Ọdún méjì ni mo fi tijú kí n tó gbé e dé ₦300,000 lọ́dún fún yàrá kan. Ìyẹn jẹ́ ₦75,000 lóṣù, ó ti ju pẹ́ńṣàn mi lọ. Yàrá mẹ́ta tí ọkọ mi kọ́, tí mo bá a jà lé lórí nígbà náà pé kó jẹ́ ká ra mọ́tò!

Ìkẹta ni elùbọ́. Ilé Ìṣẹ́yìn tí mo ń bú lókè yìí náà ló wúlò níbẹ̀. Àbúrò mi obìnrin ń bá mi rà á lágbègbè Ṣakí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó bá pọ̀ lọ́jà, a ń kó o sí yàrá ìsàlẹ̀, a sì ń kó o wá sí Bódìjà díẹ̀díẹ̀ nígbà tó bá wọ́n. Lọ́dún àkọ́kọ́, a kò sá a gbẹ dáadáa, kòkòrò sọ àpò mẹ́ta di lẹ́búlẹ́bú. Báyìí a ti mọ̀ ọ́n. Tí mo bá pín èrè rẹ̀ sí oṣù 12, ó ń súnmọ́ ₦70,000. Táìlì tí mo fi ṣe fújà ló ń jẹ́ kí ilẹ̀ yàrá náà gbẹ. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Gbogbo ìyẹn jẹ́ ₦217,000. Ó ku ₦123,000 kó tó pé ₦340,000. Àkọ́bí mi ń fi pọ́n-ùn 50 ránṣẹ́ lóṣooṣù, ó ń súnmọ́ ₦100,000. Àwọn èèyàn a máa sọ fún mi pé bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ló ń mu. Mo gbà. Ṣùgbọ́n mo ti lọ sí Manchester, mo lò tó oṣù mẹ́ta níbẹ̀ nígbà tó bímọ. Mo rí bó ṣe ń jáde lálẹ́ lọ ṣiṣẹ́ nínú òtútù, tó ń fi owó ìtọ́jú ọmọ, owó ilé àti owó orí kan ara wọn. N kò lè ka pọ́n-ùn 50 yẹn bí ẹni ń ka owó oṣù. Bí kò bá wá lóṣù kan, n kò gbọdọ̀ pè é. Nítorí náà mo ń fi díẹ̀ nínú rẹ̀ ra FGN Savings Bond, ìyẹn ìwé tí ìjọba àpapọ̀ fi ń yá owó lọ́wọ́ aráàlú, bí agbára bá ti mọ: ₦5,000 ni ó kéré jù tí wọ́n ń gbà, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni èlé rẹ̀ ń wọlé. Kò lè sọni dolówó. Àìsàn òjijì ni mo fi ń dúró dè.

Èyí tó ṣẹ́kù, aṣọ ẹbí ni mo fi dí i. Mo sọ fún àwọn ẹgbẹ́ mi pé n óò wá síbi ìnáwó, n óò jó, n óò jẹun, ṣùgbọ́n aṣọ tó wà nílé ni n óò wọ̀. Àwọn kan bínú. Ọ̀kan kò kí mi fún oṣù mẹ́rin. Lẹ́yìn rẹ̀ mẹ́ta nínú wọn pè mí níkọ̀kọ̀ pé báwo ni mo ṣe sọ ọ́ tí kò fi kú sí mi lẹ́nu.

Ẹ lè ní, ìgbádùn ńkọ́? Kí n tó fẹ̀yìn tì, Jerúsálẹ́mù ni mo ń pè ní ìgbádùn. N kò tí ì lọ. Ohun tí mo ń gbádùn jù ni pé agogo márùn-ún àárọ̀ ń lù, mo ń gbọ́ tí àwọn ọkọ̀ ń ké "Ọjọ́ọ̀! Ọjọ́ọ̀!" ní títì, mo sì ń yí ẹ̀gbẹ́ kejì padà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìkejì ni pé kí ọmọ ọmọ wá kí mi, kí n nawọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, kí n fún un ní nǹkan láìkọ́kọ́ ronú. Nígbà tí n kò lè ṣe ìyẹn ní 2023 ni mo mọ̀ pé owó kò tó.

Ohun kan ṣoṣo tí mo sọ fún ọmọbìnrin yẹn nípa pẹ́ńṣàn ni pé kó má kánjú buwọ́ lu ìwé. Ọ̀nà méjì ló wà. Ó lè jẹ́ kí owó wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń bójú tó o, kí wọ́n máa yọ ọ́ fún un díẹ̀díẹ̀, tó bá kú, èyí tó kù di ti àwọn ọmọ rẹ̀. Ó sì lè kó o fún ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan, kí wọ́n máa san án fún un títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Kó wo ìlera ara rẹ̀, kó wo ọjọ́ orí tí àwọn òbí rẹ̀ lò láyé, kó tó mú ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, kó lọ kọ ìnáwó oṣù kan sílẹ̀ lójoojúmọ́, títí kan ẹ̀pà.

Ó fi ṣọwọ́ sí mi lórí WhatsApp lọ́jọ́ Àìkú. ₦412,000. Ó ti kọ gáàsì, ó ti kọ iná, ó kọ dátà, ó kọ aṣọ ẹbí méjì, ó sì kọ ẹ̀pà lóòótọ́, ₦1,400. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo tẹ̀ ẹ́ sí i pé, "Màmá ńkọ́?"

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó fèsì. "Yéè, mà. Ẹ jẹ́ n tún un kọ."