Kẹ́ ẹ tó ra lẹ́ǹsì gígùn láti fi ya ẹranko ìgbẹ́, ẹ kọ́kọ́ gbé e wò

Tẹ́nì kan bá fẹ́ ra zoom gígùn, ìbéèrè ẹ̀ ò ju mm mélòó (nọ́ńbà tó ń sọ bí lẹ́ǹsì ṣe ń fa nǹkan tó jìnnà mọ́ra tó) ló dáa lọ. Èmi á bi í pé kílò mélòó lapá ẹ lè gbé láti àárọ̀ dọ̀sán. Mi ò ṣeré o, lẹ́ǹsì Sigma 150-600mm Contemporary ti DSLR (kámẹ́rà ńlá onídígí nínú) fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 2, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó ń jẹ́ Sports ń lọ sí 3, ẹ ò sì tíì lẹ kámẹ́rà mọ́ ọn. Ẹyẹ ò ní sọ fún yín pé òun fẹ́ fò, tẹ́ ẹ bá ti ki lẹ́ǹsì bọ báàgì torí apá ń ro yín, ó ti lọ nìyẹn.

100-400mm lèmi ń lò jù, lórí kámẹ́rà APS-C, ìyẹn èyí tí ojú tó fi ń gba àwòrán kéré sí ti full frame, 400 ibẹ̀ ń wòran bíi 600 ti full frame. Lẹ́ǹsì ò gùn sí i o, etí àwòrán ni kámẹ́rà yẹn gé kúrò.

Ìmọ́lẹ̀ ló wá le jù. Tẹ́ ẹ bá rí f/5-6.3 lára ẹ̀ (bí nọ́ńbà f bá ṣe tóbi tó nìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé ṣe ń dín kù), nọ́ńbà ẹ̀yìn yẹn ni kẹ́ ẹ tẹjú mọ́, torí òpin zoom lẹ máa wà ní gbogbo ìgbà, tílẹ̀ bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́, àsìkò tẹ́ranko ń jáde gan-an, ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń fipá mú àwòrán mọ́lẹ̀, á fò dé 3200 tàbí 6400. Stabilizer, ohun tó ń dín gbígbọ̀n lẹ́ǹsì kù, ò gbà yín níbẹ̀, ọwọ́ yín tó ń gbọ̀n ló ń bá wí, kò lè ní kí ẹtu dúró. Ẹyẹ tó ń fò, 1/2000 ìṣẹ́jú àáyá (bí kámẹ́rà ṣe ń yára yà á tó) ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀, èyí tó bà jẹ́jẹ́, 1/500 tó o.

Oòrùn ọ̀sán ńkọ́? Tílẹ̀ bá ti gbóná, afẹ́fẹ́ á máa jó láàárín ẹ̀yin àtẹranko, irun ara ẹranko á rí bàìbàì, kò sí lẹ́ǹsì olówó ńlá tó lè tún un ṣe, ẹ lọ sinmi jàre.

Tẹ́ ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ yí zoom yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, òmíì wà tẹ́ ẹ máa jáwọ́ tún un dì mú kó tó débẹ̀. Ẹ dojú ẹ̀ kọlẹ̀, tó bá ń yọ̀ jáde fúnra ẹ̀, ẹ wò ó bóyá ó ní lock tó lè dá a dúró. Sony 200-600mm kì í gùn jáde rárá, mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an.

Wọ́n á fẹ́ ta teleconverter mọ́ ọn, ìyẹn lẹ́ǹsì kékeré tí wọ́n ń fi sáàárín kámẹ́rà àti lẹ́ǹsì kó lè fa nǹkan mọ́ra sí i. 1.4x á jẹ ìmọ́lẹ̀ stop kan (ìyẹn ìdajì), f/6.3 di f/9, autofocus (bí kámẹ́rà ṣe ń fúnra ẹ̀ mú àwòrán ṣe kedere) ọ̀pọ̀ DSLR ò ní ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Ẹ fowó yẹn ra monopod, ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ kan tẹ́ ẹ lè gbé lẹ́ǹsì lé.