Bí Wọ́n Bá Pè Yín Wá Wo Fíìmù Kí Ó Tó Jáde

Bí ẹnikẹ́ni bá pè yín wá wo fíìmù tí kò tíì jáde, pàápàá fíìmù ìfigagbága tí ó ń gbé ọkàn ẹni sókè, ẹ má lọ bí ẹni tí ó kàn rí ìran wò lọ́fẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ ni wọ́n pè yín fún. Mo kọ́ èyí ní gbọ̀ngàn kan ní Kútọ̀, ní Abẹ́òkúta, níbi tí olùdarí fíìmù kan ti kó àwa díẹ̀ jọ láti wo ìtàn obìnrin méjì tí wọ́n ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń wá ọ̀nà láti gba oníbàárà mọ́ ìkejì lọ́wọ́. Ó bẹ̀ wá pé kí a má tíì dárúkọ fíìmù náà, n kò sì ní dárúkọ rẹ̀.

Ẹ tètè dé. Ní ọdún 1960, nígbà tí olùdarí fíìmù kan, Alfred Hitchcock, gbé fíìmù adẹ́rùbani rẹ̀ tí ń jẹ́ Psycho jáde, ó ní kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé lẹ́yìn tí fíìmù náà bá ti bẹ̀rẹ̀, ó sì bẹ àwọn òǹwòran pé kí wọ́n má tú àṣírí òpin rẹ̀. Ọgbọ́n ìpolówó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀, ohun kékeré tí wọ́n fi hàn ní ìbẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀rù ìkẹyìn máa ń rọ̀ mọ́. Nínú èyí tí àwa wò, ìkòkò aró ni. A rí ẹni tí ó da nǹkan sínú rẹ̀ lóru. Ẹni tí ó ni ín kò mọ̀. Àwa ará Abẹ́òkúta mọ iye ọjọ́ tí ẹlú àti omi eérú fi ń wà pọ̀ kí aró tó mú, nítorí náà, gbogbo ìgbà tí obìnrin náà bá ki aṣọ bọ inú ìkòkò yẹn ni àyà wa ń já. Ẹni tí ó pẹ́ dé ń bi mí pé kí ló wà nínú aṣọ rírẹ tí ó ń bà wá lẹ́rù.

Ẹ má sì yára yan ẹni tí ẹ ó gbè lẹ́yìn. Òǹkọ̀tàn tí ó mọṣẹ́ yóò kọ́kọ́ fún wa ní ẹni tí a ó kórìíra, lẹ́yìn náà ni yóò máa fi ìdí ìbínú onítọ̀hún hàn wá díẹ̀díẹ̀. Ìyá àgbà tí ó jókòó tì mí ti ń ṣépè fún ọ̀kan nínú wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó yá, ó dákẹ́, ó ní, "Ọmọ mi, obìnrin yìí náà ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti rò o." Kí n má parọ́, mo gbádùn màmá yẹn tó fíìmù náà.

Fóònù, ẹ pa á pátápátá.

Bí wọ́n bá pín ìwé ìbéèrè, "ó dára gan-an" kò wúlò fún ẹni tí ó ṣì lè gé fíìmù rẹ̀. Ẹ kọ ibi tí ọkàn yín ti balẹ̀ nígbà tí kò yẹ kí ó balẹ̀. Èmi kọ ọ́ pé ìran ìgbéyàwó kan gùn jù, àti pé orin ti tú àṣírí kan kí ẹnikẹ́ni tó lanu.

Bí àwọn ará ilé bá wá ń bi yín léèrè, ẹ lè sọ ìbẹ̀rẹ̀, bí mo ti sọ ti ìkòkò aró, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àwọn méjèèjì bá ti kojú ara wọn, ẹ panu mọ́. Ẹ sọ irú ẹni tí fíìmù náà yẹ fún. Ohun tí mo sọ fún àbúrò mi ni pé ẹni tí ó fẹ́ràn ìjà kò ní rí púpọ̀ níbẹ̀, àti pé kí ó má mú àwọn ọmọ dání.